Ẹṣin Páálí Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀

Ọjọ́ Àìkú, 13 Ògọ́ọ̀sì 1972

Ẹnu mi ló kó bá mi. Lẹ́yìn ìsìn lónìí a ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá Monrovia ní pálọ̀ Alhájì Bùràímọ̀ alága wa, ọ̀rọ̀ wá kan ohun tí a ó ṣe ní ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà, Ọkitóbà kìíní. Wọ́n ní kí a tún se ìrẹsì, kí a tún sọ̀rọ̀, kí a tún lọ sùn. Mo ní ṣé bí a ó ṣe máa ṣe é títí ayé nìyẹn? Lọ́dún tó kọjá, Enoch, ọmọ Liberia, ẹ̀yà Kru, tí a jọ ń kọ́ni níléèwé, jẹun tán, ó nu ẹnu, ó wá bi mí pé kí ni àwa Yorùbá ń ṣe kí a tó dé Monrovia wá ta aṣọ. Kò fi ṣẹ̀gàn, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti há mi lọ́fun.

Ni mo bá dìde. Mo ní kí a ṣe eré Ọba Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀, Aláàfin tó jọba ní Ìgbòho ìlú mi, tó kó ẹṣin jọ, tó jagun, tó fẹ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ síwájú. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Alhájì ní, "Ó dáa, Tíṣà. Ìwọ lo dá a lábàá, ìwọ ni o máa kọ ọ́, ìwọ ni o máa darí ẹ̀." Wọ́n jẹ ẹran tán, wọ́n lọ sílé. Èmi nìkan ni mo gbé ẹrù relé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Ògọ́ọ̀sì

Òjò látàárọ̀. Odò Saint Paul ti ń wo ẹ̀yìnkùlé wa bí ẹni fẹ́ wọlé. Aṣọ Bísọ́lá ọmọ mi kò gbẹ láti ọjọ́ Ẹtì, ó ní òun ò lè wọ aṣọ tó ń rùn bí ẹja.

Mo kọ ìran kìíní tán. Bí ìyá mi àgbà ṣe pa ìtàn náà fún mi ni mo ṣe kọ ọ́. Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ ní kí wọ́n so ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ìrù àwọn ẹṣin tó kẹ́yìn, kí ewé máa gbá ipasẹ̀ ogun rẹ́ bí wọ́n ti ń lọ, kí ọ̀tá má mọ ibi tí wọ́n gbà. Lẹ́yìn náà ni ogun Ìlayì. Gbọ̀ńkáà tó jẹ́ olórí ogun ọba ṣubú. Ọba fi òmíràn jẹ lójú ogun níbẹ̀, òun náà ṣubú. Wọ́n fi ẹ̀kẹta jẹ, ikú mú un, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ hàn síta bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀tá wò ó. Wọ́n ní ẹni tí a pa tó tún ń fi wá rẹ́rìn-ín, irú èwo nìyí? Wọ́n sá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí ìyá àgbà tún sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Ògọ́ọ̀sì

A pín eré. Ràímì tó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Waterside ni ọba. Ohùn rẹ̀ tóbi, ikùn rẹ̀ náà tóbi, tí ó bá kí ènìyàn ní èbúté ẹni tó wà ní New Kru Town á dáhùn. Ọ̀rẹ́ mi Kamorat ni yóò rán aṣọ. Ọmọ Ìgbòho ni òun náà, ilé wọn àti ilé wa fara kanra, a jọ ń fo kòtò omi kan náà ni.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ Gbọ̀ńkáà kẹta, wọ́n ní àwọn ò lè kú kí eyín àwọn wà níta. Mo bá fún Bàbá Bísọ́lá, ọkọ mi. (Tí a bá wà níwájú ènìyàn, "wọ́n" ni mo máa ń pè é. Nínú ìwé tèmi, "ó" ni.) Ọdún mọ́kànlá ni ó ti ń ṣiṣẹ́ báńkì, ojú rẹ̀ sì ti di ojú báńkì. Ó dùbúlẹ̀, ó kú dáadáa. Mo ní kó rẹ́rìn-ín. Ó la ẹnu bí ẹni tí dókítà eyín ń wò.

Ọjọ́bọ̀, 24 Ògọ́ọ̀sì

Enoch ni yóò máa ṣàlàyé eré fún àwọn ará Liberia tí a pè, òun náà ni yóò sì tẹ ìwé ètò lórí ẹ̀rọ iléèwé. Mo ní kí Bàbá Bísọ́lá bá mi tú ìtàn náà sí Gẹ̀ẹ́sì, torí ó máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yangàn. Enoch gbà á, ó kà á, ó wò mí.

"Teacher, how many king y'all get in this play?"

Mo ní ọ̀kan ṣoṣo. Ó na ìwé sí mi. Yéè! Ọkọ mi ti kọ ọ́ látòkè délẹ̀ pé "They rode to war. They conquered. They tied leaves to their horses." Mo gbé e délé, mo bi í pé irú kí ni èyí. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyá Bísọ́lá, mi ò lè pe Aláàfin ní 'he' bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. 'Wọ́n' lo kọ, 'they' ni mo tú u sí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ní òun ò rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Mo fi lẹ́ẹ̀dì tún un kọ sórí ìwé míì. "He, he, he."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Ògọ́ọ̀sì

Nǹkan ti bàjẹ́.

Kamorat kó aṣọ wá sí ibi ìfidánrawò, ó gbọ́ tí Enoch ń ka ìwé náà sókè. Ó ní kí ni "he" ń wá níbẹ̀? Mo ní ọba ni. Ó ní ọba wo ni "he"? Ṣé mi ò mọ̀ pé obìnrin ni Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ ni? Ìyá òun ló sọ fún òun, òun rò pé nítorí ohùn rẹ̀ nìkan la ṣe mú Ràímì. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Mo ní ọkùnrin ni o, ìyá mi àgbà ló sọ fún mi. Ó ní, "Wọ́n sọ fún ẹ pé ọkùnrin? Ẹnu wọn ló ti jáde?"

Mo wá "ọkùnrin" nínú ìtàn ìyá àgbà, n kò rí i. "Wọ́n gun ẹṣin. Wọ́n ṣẹ́gun." Ìyẹn nìkan ni ìyá àgbà sọ. Ọdún márùndínlógójì tí mo ti ń gbé ọba yìí kiri, n kò bèèrè rí. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn wà lára mi, èmi ni mo kọ eré, ni mo bá ní, "Ọkùnrin ni, ọ̀rọ̀ ti tán."

Kamorat ká aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó o sínú báàgì, ó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Ògọ́ọ̀sì

Ìpàdé di ìjà. Àwọn kan wà lẹ́yìn ọkùnrin, àwọn kan wà lẹ́yìn obìnrin, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ rí títí di oṣù yìí ló ń pariwo jù. Ràímì ní tí ó bá jẹ́ obìnrin, òun ò ṣe mọ́. Alhájì ní tí a kò bá parí rẹ̀ láàárín ara wa, òun á fagi lé eré, ìrẹsì náà la ó tún jẹ. Ó ní Ọlọ́run mọ̀ pé òun fẹ́ràn ìrẹsì.

Sàlàkọ́, ọ̀dọ́ oníṣòwò kan nínú ẹgbẹ́ wa, ń lọ sílé ní Nàìjíríà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti lọ kó ọjà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dé Ìgbòho, kó fi ẹnu ara rẹ̀ bi ìyá mi léèrè: ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ó ní òun ò ní padà kí Ọkitóbà tó wọlé. Mo ní kó ṣáà bèèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ènìyàn mẹ́rin ló wá. Òjò. Ọrùn ẹṣin méjì rọ̀ nítorí páálí ni, wọ́n tẹrí ba bí ẹni tó ń gbàdúrà. Àárò Kamorat ń sọ mí. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo lọ sí Waterside. Mo ní òwú ni mo fẹ́ rà. Òwú wà nílé bí ilẹ̀ bí ẹní.

Kamorat wà nídìí máṣíìnì, kò gbé orí. Ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Ẹ"! Kamorat! A jọ pààrọ̀ eyín ni, a jọ jí ẹ̀pà ìyá rẹ̀ jẹ, kò pè mí ní "ẹ" rí láyé. Ká ní ó bú mi, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí tí kò sẹ́ni tó fi lọ̀ mí. Mo sọ òtítọ́ fún un: ìyá àgbà kò sọ ọkùnrin, kò sọ obìnrin, èmi ni mo fi irùngbọ̀n sí ọba lágbọ̀n. Irùngbọ̀n gígùn, funfun, tó pín sí méjì nísàlẹ̀. Kamorat dá máṣíìnì dúró.

Ó ní, "Irùngbọ̀n bàbá àgbà yín nìyẹn."

Òótọ́ ni! Irùngbọ̀n bàbá àgbà ni, n kò mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Mo ní ọba tirẹ̀ ńkọ́, báwo ló ṣe rí? Ó ní ọba òun ga, ó fi làálì sẹ́sẹ̀, ó wọ yẹtí wúrà, ó sì máa ń pòṣé kó tó sọ̀rọ̀. Mo ní ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó pòṣé. Bí ó ti pòṣé báyìí ni àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, tí oníbàárà tó ń bọ̀ fi yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn.

Ó bi mí léèrè pé ìyá òun náà, ṣé lóòótọ́ ló sọ pé obìnrin? Ó ní òun ò mọ̀ mọ́. Nígbà tí mo ń lọ ó ní, "O ò ra òwú ni?" Ó pè mí ní "o." Mo ra mẹ́ta.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Alhájì Bùràímọ̀ gbọ́n ju bí ó ṣe ń ṣe lọ. Ó pe gbogbo wa jọ, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ kì í bo ojú ọba ni? Ta ní ń rí ojú ọba?" Bí ìjà ṣe parí nìyẹn. Adé oníìlẹ̀kẹ̀ ni ọba yóò dé. Ràímì á wà nínú adé ní ìran ààfin, Kamorat á wà nínú rẹ̀ ní ìran ogun, ẹni tó bá fẹ́ rí ọkùnrin yóò rí ọkùnrin, ẹni tó bá fẹ́ rí obìnrin yóò rí obìnrin. Nínú ìwé ètò, "the King" ni a ó kọ, kò ní sí "he", kò ní sí "she".

Ràímì kùn pé òun ti kọ́ ọ̀rọ̀ ogun sórí. Kamorat kùn pé ọ̀rọ̀ ààfin ló dùn jù. Nígbà tí àwọn méjèèjì ti ń kùn, mo mọ̀ pé ẹjọ́ náà tọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ewúrẹ́ jẹ ìrù gbogbo ẹṣin wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

A gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun lẹ́yìnkùlé. Bàbá Bísọ́lá ní àwọn ewúrẹ́ náà ni ọ̀tá Ìlayì gan-an. Ìrẹsì tún ti gbówó lórí, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́, ẹṣin ni gbogbo ẹnu ń sọ. Kamorat rán agbádá méjì tí kò yàtọ̀, ó ṣe adé méjì tí kò yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa bọ́ra fún ẹnì kejì nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Mo dé ọ̀kan wò níwájú dígí. N kò rí èmi Àwẹ̀ró níbẹ̀ rárá. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀.

Gbọ̀ńkáà kẹta ṣì ń kú bí akọ̀wé.

Ọjọ́bọ̀, 28 Sẹ̀tẹ́ńbà

Enoch kó ìwé ètò dé, tayọ̀tayọ̀, igba ẹ̀dà. Mo ṣí i. "They rode to war. They conquered." Ìwé àkọ́kọ́ tí ọkọ mi kọ ni ó tẹ̀! Ó ní èyí tí mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ kò hàn, èyí tó wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Alhájì kò tètè dé, ti ọ̀gá báńkì ló mọ́ jù. Kò sí bébà mọ́. Bàbá Bísọ́lá ka tirẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi sí àpò àyà.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Ọkitóbà

Kí n tètè kọ ọ́ kí ẹ̀rín tó tún mú mi.

Gbọ̀ngàn iléèwé kún fọ́fọ́. Àwọn ènìyàn wa láti Waterside dé Paynesville wà níbẹ̀, àwọn ará ilé Enoch wá láti New Kru Town, ìyá àgbàlagbà méjì nínú wọn jókòó níwájú pátápátá, ọ̀kan ń ka ìwé ètò sí èkejì létí. Bí a ṣe ṣí aṣọ ìkélé ni òjò ya lulẹ̀. Páànù ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sílẹ̀, Enoch fi igbe ṣàlàyé.

Ìran ààfin dára. Ràímì jókòó lórí ìtẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ bò ó lójú, ó pàṣẹ pé kí wọ́n so ewé mọ́ ìrù ẹṣin. Mo ti da iyanrìn etí òkun sórí pẹpẹ. Àwọn ẹṣin páálí rìn kọjá, ẹsẹ̀ hàn nínú iyanrìn, ewé tẹ̀lé wọn, ẹsẹ̀ parẹ́. Mo gbọ́ tí gbọ̀ngàn náà mí kanlẹ̀. Mo rántí ìyá àgbà, omi lé sí mi lójú.

Gbọ̀ńkáà kìíní kú, èkejì kú, ọkọ mi náà ṣubú sórí iyanrìn. Mo wá lu agogo iléèwé kí Kamorat jáde, kí Ràímì sì mọ̀ pé tirẹ̀ ti parí. Òjò gbé agogo mì. Kamorat ń wò mí láti apá ọ̀tún, ó rí ọwọ́ mi, ó gẹṣin jáde. Ràímì wà lápá òsì, kò gbọ́ kò rí, ó rò pé wọ́n tún ń retí òun fún ìran ẹṣin. Òun náà gẹṣin jáde.

Ọba méjì. Agbádá kan náà, adé kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà, wọ́n pàdé láàárín pẹpẹ, wọ́n dúró. Mo fi ẹnu bu aṣọ ìkélé kí n má baà pariwo. Gbogbo oṣù kan ààbọ̀ yìí, gbogbo ìjà yìí, báyìí ló ṣe máa parí? Nígbà náà ni mo gbọ́ ìyá tó ń ka ìwé ètò tí ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "You see it? The paper say *they*." Ó fọwọ́ tẹ orí ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kamorat kò dúró kí n sọ nǹkan kan. Ó bọ́ sẹ́yìn Ràímì, ó ń fi ewé ìrù ẹṣin rẹ̀ gbá ipasẹ̀ Ràímì. Ràímì, tí n kò rí kó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, gbọ́ èyí. Ó yí padà, ó ń gbá ipasẹ̀ Kamorat. Wọ́n ń yí po, wọ́n ń yí po, ọba ń pa ipasẹ̀ ọba rẹ́. Àwọn ará Ìlayì gbé ọ̀kọ̀ wọlé, wọn ò mọ èyí tí wọ́n fẹ́ gún. Kì í ṣe eré mọ́ o, èmi ni wọ́n ń wò pé kí n sọ èyí tó jẹ́ ọba fún àwọn.

Òkú ọkọ mi la ojú kan. Ó rí Ràímì tó ń fi ọwọ́ kan gbé ikùn, tó fi ọwọ́ kejì gbé ọrùn ẹṣin tó ti rọ̀. Ó rí Kamorat lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i tí àyà rẹ̀ ń mì. Eyín àkọ́kọ́ yọ, èkejì yọ, àfìgbà tí gbogbo wọn jáde, títí kan àwọn tí èmi ìyàwó rẹ̀ kò tíì rí láti ọdún tí a fẹ́ra. Òkú rẹ́rìn-ín kèékèé lórí iyanrìn. Àwọn ará Ìlayì wò ó, ẹ̀rín gbé àwọn náà, wọ́n ju ọ̀kọ̀ sílẹ̀, wọ́n sá gba àárín àwọn òǹwòran, wọ́n sá bọ́ sínú òjò. Gbọ̀ngàn fẹ́ẹ̀ wó fún ẹ̀rín.

Ìrẹsì la jẹ lẹ́yìn rẹ̀, dájúdájú. Enoch gbé àwo tirẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Teacher, your king them fine o." Mo ní kí ó má gbàgbé pé lọ́dún tó kọjá ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní òun ò ní bèèrè mọ́.

Ràímì àti Kamorat jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹ̀lú adé lórí ẹsẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó gbá ipasẹ̀ ẹnì kejì mọ́ jù. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 5 Ọkitóbà

Òjò dá. Oòrùn ràn, aṣọ Bísọ́lá gbẹ.

Sàlàkọ́ dé láti ilé ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ó gbé gaàrí àti ìrú tí ìyá mi fi rán an wá, ó jókòó, ó mu omi, ó ń sọ ti ọ̀nà. N kò lè mú un mọ́ra. Mo ní ìdáhùn ìyá mi ńkọ́? Bàbá Bísọ́lá wà lórí àga rẹ̀, ìwé ìròyìn bò ó lójú.

Sàlàkọ́ ní, "Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, mà. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ọba ni wọ́n."

Mo ní mo mọ̀ pé ọba ni wọ́n, Sàlàkọ́, ọkùnrin tàbí obìnrin ni mo rán ọ láti bèèrè. Ó ní bí òun ṣe bèèrè gan-an nìyẹn. Òun bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, ìyá mi tún wo òun bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó ní, "Kí ló dé tí Àwẹ̀ró ò gbọ́ Yorùbá mọ́? Mo ní ọba ni wọ́n."

Ìwé ìròyìn rọra sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ mi wò mí láti òkè ìgò ojú rẹ̀, ó fi ohùn báńkì sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"They," ni ó wí.

Gbogbo eyín rẹ̀ sì wà níta.